Ibi Tí Àṣẹ Ilẹ̀ Dé Lórí Òkun

Gbogbo wa ni a mọ bí a ti í pa ààlà oko: a ó gbin pèrègún, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ta ni yóò gbin pèrègún sí ojú òkun? Ní 1609 Hugo Grotius, ará Hólándì, kọ̀wé pé òkun kì í ṣe ti ẹnì kan. Ní 1635 John Selden, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dáhùn pé òkun lè ní olúwa gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn amòfin fi àgbá wọ̀n ọ́n: ibi tí ọta àgbá bá dé láti èbúté, ibẹ̀ ni àṣẹ ọba mọ. Èyí ni ó di máìlì 3. Ìwọ̀n agbára ni, kì í ṣe ìwọ̀n òdodo.

Ẹja àti epo ni ó sọ máìlì 3 di kékeré. Ní 1945 Truman, ààrẹ Amẹ́ríkà, kéde pé ti ilẹ̀ wọn ni ohun àlùmọ́nì abẹ́ òkun tí ó so mọ́ etíkun wọn, olúkúlùkù ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí fa tirẹ̀ gùn. Nàìjíríà gba máìlì 12 ní 1967, ó sọ ọ́ di 30 ní 1971, ó sì dá a padà sí 12 ní 1998.

Àwọn mìíràn lè wí pé a ti sọ máìlì 18 nù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Òkun tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Jàmáíkà ní 1982 kò fi àṣẹ kan náà fún gbogbo omi. Láti ibi tí omi bá fà dé, títí dé máìlì 12, òfin ìlú ni ó jọba, àfi pé ọkọ̀ àlejò lè kọjá ní àlàáfíà. Títí dé 24, aṣọ́bodè lè dá onífàyàwọ́ dúró. Títí dé 200, tí a ti kọ sínú òfin wa láti 1978, ẹja àti epo jẹ́ ti ẹni tí ó ni etíkun, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ni ó ni ọ̀nà. Nítorí náà, ẹja tí apẹja Ìlàjẹ ń wá kò kúrò lọ́wọ́ wa. Ọ̀nà ọkọ̀ nìkan ni a ṣí, èyí tí kò tilẹ̀ yẹ kí a tì.

Ibi tí 200 tiwa ti pàdé ti aládùúgbò ni ìjà wà. Kamẹrúùnù pè wá lẹ́jọ́ ní Hague ní 1994, ìdájọ́ kò sì dé títí di 2002. Pẹ̀lú São Tomé, ìjókòó ni ó parí rẹ̀: ní 2001, dípò kí a fa ìlà, a fohùn ṣọ̀kan láti jọ lo ibi tí àwọn méjèèjì ń dù, 60 nínú 100 fún wa, 40 fún wọn. Ọdún 45 ni àdéhùn náà. Àwọn ọmọ wa ni yóò tún un sọ.