Àpótí Irinṣẹ́ Bàbá Àgbà: Ìtàn Tó Wà Lára Irin Àlòkù

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀ láti Ìkòròdú, ẹ̀yin tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká mọ́ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin tí ẹ fi fóònù sétí bí ẹ ṣe ń fọ abọ́, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ irin la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe irin tí wọ́n fi ń kọ́ afárá o. Irin ọwọ́ ni: pléènì, ayùn, òòlù, àdá, àáké. Àwọn ohun tó wà nínú àpótí bàbá yín àgbà tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìdílé wa. Bàbá tó bí ìyá mi, káfíńtà ni wọ́n ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí wọ́n kú, a pín aṣọ, a pín ilẹ̀, díẹ̀ ló kù kí a jà lórí àga. Àpótí irinṣẹ́ wọn nìkan ni ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ọmọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke kiri, tó ń pariwo pé òun ń ra irin, la pè wọlé. Ó gbé gbogbo rẹ̀ sórí ìwọ̀n, ó kà á ní kílò, ó sanwó, ó lọ. Owó náà kò tó ra páálí ẹlẹ́rìndòdò méjì. Mo wà níbẹ̀. Èmi gan-an ni mo bá a gbé àpótí náà sórí ọmọlanke.

Lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà, mo lọ wá ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kan ní Owódé Onírin. Ẹ mọ ibẹ̀: ọjà ńlá tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, kó o tó dé Mile 12. Orúkọ ọjà náà ti sọ iṣẹ́ rẹ̀. Níwájú bàbá àgbàlagbà kan, láàárín bọ́ọ̀tì àti ṣéènì, mo rí pléènì kan tó ti dógùn-ún. Pléènì ni irin tí káfíńtà fi ń bọ́ pákó kí ojú rẹ̀ lè dán. Mo gbé e. Lára igi ìdìmú rẹ̀, ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ gé lẹ́tà méjì, orúkọ tirẹ̀ ní ìkékúrú. Kì í ṣe lẹ́tà bàbá wa. Àmọ́ bàbá ẹnì kan ni.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èló ni?" Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé káfíńtà ni ọ́?" Mo ní rárá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kí lo wá fẹ́ fi ṣe?" N kò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà. Ètò òní ni èsì mi.

Kí ni irin náà ń sọ?

Nígbà tí mo fi kẹrosíìnì nu ojú pléènì yẹn, ọ̀rọ̀ jáde: Stanley, àti lábẹ́ rẹ̀, "Made in England". Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn lè sọ ọjọ́ orí irin fún ọ. Stanley kì í ṣe iléeṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì látilẹ̀. Ará Amẹ́ríkà ni wọ́n, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ní 1869 ni wọ́n ra ẹ̀tọ́ pléènì onírin tí Leonard Bailey ṣe, èyí tó ní kókó roboto tí èèyàn fi ń gbé ojú rẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1937 ni wọ́n tó ní iléeṣẹ́ ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, bí o bá rí Stanley tí wọ́n kọ England sí lára, kò lè ju ìgbà yẹn lọ. Bí ó bá jẹ́ U.S.A. ni wọ́n kọ, ó lè dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Bí o bá rí àwòrán ọ̀nì lára àdá àtijọ́, Birmingham ni kí o kọ́kọ́ rò: iléeṣẹ́ Ralph Martindale níbẹ̀ ló fi ọ̀nì ṣe àmì àdá tí wọ́n ń kó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí o bá rí àmì ọfà kékeré kan, tó dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ, ìyẹn ni àmì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń sàmì sí dúkìá rẹ̀. Irin yẹn ti ṣiṣẹ́ ìjọba tàbí ti ológun rí kó tó di ti àgbàlagbà kan ní Ìkòròdú.

Báwo ni irin òyìnbó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa?

Ẹ má ṣe rò pé àwa kò ní irin kí wọ́n tó dé. Ní 1904, C. V. Bellamy, òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Èkó, tẹ ìwé kan jáde nípa abúlé kan tó ń jẹ́ Ọlá-Ìgbì, lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Ó rí àwọn èèyàn tó ń wa òkúta irin nílẹ̀, tí wọ́n ń yan án, tí wọ́n ń gún un, tí wọ́n sì ń fi èédú yọ́ ọ nínú iná ìléru alámọ̀. Wọ́n gbé irin náà lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ irin ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Ohun tó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún wọn yẹn, iṣẹ́ òòjọ́ ni lọ́wọ́ àwọn ará Ọlá-Ìgbì.

Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, sọ pé tẹ́lẹ̀ rí, láti orí ohun ìjà títí dé abẹ́rẹ́, ilé la ti ń rọ gbogbo rẹ̀. Ó ní ọjà òyìnbó tó wọ́n kéré, tó sì dán lójú, ló ń lé ti ilé lọ. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù: ó ní ti òyìnbó yẹn kò lálòpẹ́ tó tiwa.

Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Lónìí, bí o bá lọ sọ́dọ̀ káfíńtà àgbà ní Ìkòròdú, yóò sọ fún ọ pé irin England àtijọ́ ló le, pé èyí tí wọ́n ń kó wọlé báyìí kò lálòpẹ́. Lójú ayé Johnson, irin England yẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní aláìlálòpẹ́. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ojú omi ni irin òyìnbó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú sì wà lójú ọ̀nà. Ní December 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò. Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí; ìdí nìyí tí a fi ní Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ títí dòní. Ní September 1854, ó bá wọn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́: kò ní bá wọn du Èkó mọ́, yóò fi òwò ẹrú sílẹ̀, wọ́n sì gbà kó máa ṣòwò ní èbúté Palma àti Lẹ́kìí. Epo pupa ni òwò náà. Epo ń lọ, ọjà òkè òkun ń bọ̀. Ẹ fi í sọ́kàn: epo tí àwọn ìyá wa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ló ra púpọ̀ nínú ọjà yẹn.

Ti Ìkòròdú ń kọ́? Ìlú yẹn ni ẹnu ọ̀nà láti inú Rẹ́mọ àti Ìbàdàn sí ọ̀sà. Nígbà ogun Ìjàyè, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, Ìbàdàn nílò ọ̀nà kan dé Èkó, Ìkòròdú sì jẹ́ ọ̀nà yẹn. Inú àwọn Ẹ̀gbá kò dùn sí i, wọ́n sì dó ti ìlú náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù March 1865, Gómìnà Glover rán ọmọ ogun láti Èkó lọ lé wọn kúrò. Ọ̀nà òwò ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó o bá tún wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdò, rántí pé ọ̀nà tí wọ́n jà lé lórí lo wà.

Irin nìkan kọ́ ló wá. Iṣẹ́ náà bá a wá. Àwọn Àgùdà, àwọn èèyàn wa tó padà bọ̀ láti oko ẹrú ní Brazil, kó ọgbọ́n káfíńtà àti bíríkìlà bọ̀ wá sí Èkó. Ẹ lọ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894: João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ló kọ́ ọ. Ọ̀gá ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń gba òmìnira, òun náà ń di ọ̀gá. Lẹ́yìn náà ni rélùwéè dé, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1896, tí ibi àtúnṣe ọkọ̀ rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tta sì di ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ iṣẹ́ irin. Bí pléènì ṣe di ohun tí ọmọkùnrin Ẹ̀pẹ́ kan lè fi gba ìyàwó, tó lè fi kọ́lé, nìyẹn.

Ibo ni irin náà ń lọ báyìí?

Ní 1986, ìjọba gbé ètò SAP dé, náírà já wálẹ̀. Irinṣẹ́ tuntun láti Sheffield di ohun tí káfíńtà kékeré kò lè rà mọ́. Àlòkù di ọba. Lẹ́yìn náà ni ti China wọlé, tó rọ̀ wá lápò. Àwọn àgbà ń fẹ̀yìn tì, ọmọ wọn kò kọ́ iṣẹ́ náà, àpótí wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọmọlanke ló kàn. Púpọ̀ nínú irin yẹn kò dé Owódé Onírin rárá. Ó ń lọ sí àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin, irú èyí tó wà ní apá Odógunyàn ní Ìkòròdú, níbi tó ti ń di ọ̀pá irin ìkọ́lé. Ajàòkúta tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1979 láti máa fi òkúta irin ṣe irin kò tíì ṣe é dòní. Nítorí náà irin àlòkù ni oúnjẹ iná wa. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ilé tí ò ń gbé lè ní pléènì bàbá ẹnì kan nínú òpó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ọ̀rọ̀ Johnson. Irin tiwa ló le ni, àbí ti England? N kò rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Irin kì í sọnù. Wọ́n kàn ń tún un yọ́ ni. Ọgbọ́n ọwọ́ ló ń sọnù. Nígbà tí irin England lé ti ilé lọ, àwọn tó mọ bí a ṣe ń yọ́ òkúta ló lọ. Nísinsìnyí tí irin olówó pọ́ọ́kú ń lé irin England lọ, àwọn tó mọ bí a ṣe ń pọ́n irin, bí a ṣe ń tún un ṣe, bí a ṣe ń fi igi tuntun sí i, ni wọ́n ń lọ. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí a ń pàdánù irú nǹkan kan náà.

Bí o ṣe lè jí irin

Jíjí irin dìde kò le. Fi kẹrosíìnì tàbí fínígà rẹ ẹ́ mọ́jú. Bí ó bá jẹ́ fínígà, fọ̀ ọ́, kí o sì nù ún gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìpáàrà yóò tún bò ó kó o tó jẹun tán. Fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ó, kí o wá fi sáńpépà kẹ́ ẹ. Bo imú àti ojú rẹ. Má ṣe sáré gbé e fún ọ̀dọ́ wẹ́dà pé kó fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́. Ìdí méjì ni: ẹ̀rọ á jẹ orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, bí ojú irin bá sì gbóná tó di aláwọ̀ búlúù, líle rẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò ní mú pẹ́ mọ́. Orí òkúta ìpọ́n-ọ̀bẹ ni kí o ti pọ́n ọn, pẹ̀lú òróró díẹ̀ àti sùúrù. Bí ó bá ti mú, fi òróró pa á lára.

Igi ìdìmú ńkọ́? Bí kò bá tíì jẹrà, má ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tó ti jẹ síhìn-ín-sọ́hùn-ún yẹn, àtàǹpàkò ẹnì kan ló gbẹ́ ẹ, fún ogójì ọdún bóyá. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà irin nìyẹn.

Pléènì tí mo rà ń bọ́ pákó báyìí. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ káfíńtà àgbà kan ní Ìkòròdú kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn mí. Wọ́n fi ọwọ́ pa á, wọ́n tẹ ìka sí kókó rẹ̀, ohun tó jáde lára pákó fẹ́lẹ́ bí ìwé. Wọ́n ní, "Ẹni tó ni èyí mọ iṣẹ́." Láti ara irin nìkan ni wọ́n fi mọ̀. Bàbá tèmi náà mọ iṣẹ́, àmọ́ n kò ní irin kankan tí mo lè gbé fún ẹnikẹ́ni kó fi sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Kí o tó pe ọlọ́mọlanke, ṣí àpótí náà. Ya àwòrán ohun gbogbo tó wà níbẹ̀, kí o ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára. Bí bàbá tàbí bàbá àgbà bá ṣì wà láyé, jókòó tì wọ́n, tan fóònù rẹ kó máa gbohùn sílẹ̀, kí o sì bi wọ́n pé, "Bàbá, kí lẹ fi èyí ṣe?" Lẹ́yìn ìyẹn, bí o bá fẹ́ tà á, tà á. Ṣùgbọ́n má ṣe tà á ní kílò.

Ibi tí a ó dúró sí lónìí nìyí. Bí irinṣẹ́ àtijọ́ kan bá wà nílé yín, ẹ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, kí a jọ kà á. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.