Linux: Ẹ̀rọ Tí Kò Fẹ́ Jí àti Dẹ́rẹ́bà Tí Kò Sí Nílé

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rí nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò lè ṣe ohunkóhun àfi bí ètò kan bá wà tí ó ń pàṣẹ fún un; ètò náà sì rèé, inú dísìkì ló sùn sí. Ta ni yóò wá lọ jí ẹni tó yẹ kó jí gbogbo ilé? Àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ kojú ìṣòro yìí fi í wé ẹni tó di okùn bàtà ara rẹ̀ mú, tó fẹ́ fi fa ara rẹ̀ sókè kúrò nílẹ̀. Láti ara okùn bàtà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà "boot" ti wá, tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fi máa ń sọ pé ẹ̀rọ kan "kò boot".

Ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ni ti Linux, ètò àgbà tí ó ń darí kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni sì lè ṣí inú rẹ̀ wò kó tún un ṣe. Òun ló wà nísàlẹ̀ Android tí ọ̀pọ̀ nínú yín ní nínú fóònù lápò. Láti ọdún 2017, òun ló ń darí gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tó lágbára jù lọ láyé. Síbẹ̀, fún ọdún gbọọrọ, ohun méjì ló máa ń sú ẹni tó bá gbé e sórí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀: ẹ̀rọ lè kọ̀ kó má jí, bó bá sì jí, dẹ́rẹ́bà lè má sí. Lójú ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀, wàhálà àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ lásán ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eéje lọ. Ìjà lórí ẹni tó ni ẹ̀rọ tí a fi owó ra ni.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dá ìjà sílẹ̀

Gbogbo wa la mọ dẹ́rẹ́bà mọ́tò. Bí ọkọ̀ ti wù kó tuntun tó, bí dẹ́rẹ́bà ò bá sí nídìí rẹ̀, ojú kan ni yóò dúró sí. Orúkọ yìí náà ni àwọn oníkọ̀ǹpútà fún ètò kékeré tó mọ èdè ẹ̀rọ kan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní dẹ́rẹ́bà tirẹ̀; èyí tó ń gbé ohùn jáde ní tirẹ̀; èyí tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ló mọ èdè rẹ̀. Bí wọ́n bá fi èdè náà pamọ́, ẹ̀rọ lè di ẹrù lásán lọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Ní nǹkan bí ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Xerox fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun kan ta ilé ìwádìí kan lọ́rẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Richard Stallman ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ máa ń há bébà sọ́nà ọ̀fun, ṣùgbọ́n nítorí pé ètò rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, Stallman ti tún un ṣe, tó fi jẹ́ pé bí bébà bá há, ẹ̀rọ á ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń retí ìwé, ẹnì kan á sì sáré lọ tú u. Ẹ̀rọ tuntun yìí náà ń há bébà. Stallman fẹ́ ṣe irú àtúnṣe kan náà fún un, àmọ́ Xerox kò fi àkọsílẹ̀ ètò náà ránṣẹ́ lọ́nà tí ènìyàn lè kà. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ nìkan ń gbọ́ ni wọ́n kó wá. Ó lọ bá ẹnì kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Carnegie Mellon tó ní àkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́. Onítọ̀hún kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ti ṣèlérí fún ilé-iṣẹ́ náà pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ ò rí i? Bébà tó há sí ẹnu ẹ̀rọ ló di ìjà ńlá. Stallman fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó ṣí òun lójú. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, ó kéde pé òun fẹ́ kọ odindi ètò kan tí gbogbo ayé yóò lómìnira láti lò, láti kà àti láti tún ṣe. Ó pè é ní GNU. Nígbà tó fi máa di ọdún 1991, ọ̀pọ̀ nǹkan ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ parí, àfi kókó tó ń darí ẹ̀rọ gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní kernel.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìlú Helsinki

Ọmọ ọdún 21 kan ní Finland, Linus Torvalds, ló wá dí àlàfo yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Yunifásítì Helsinki. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, ó kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ pé òun ń kọ ètò kan fún ìgbádùn ara òun. Ó tilẹ̀ kìlọ̀ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí ètò náà má bá irú dísìkì mìíràn ṣiṣẹ́ láéláé àfi èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà òun, nítorí òun nìkan lòun ní. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni Linux ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀: kò sí ẹni tó lè kọ dẹ́rẹ́bà fún ẹ̀rọ tí kò ní, tí kò sì mọ èdè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1992, Torvalds fi Linux sábẹ́ ìwé àṣẹ GNU, ó sì di ọjà gbogbo gbò. Ẹni tó ní ẹ̀rọ kan kọ dẹ́rẹ́bà tirẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́. Donald Becker, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ NASA, kọ ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ara wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

L, LI, LIL, LILO

Bí a bá tan kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn, ètò kékeré tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, tí ń jẹ́ BIOS, ló kọ́kọ́ ń jí. Òun náà á wo yàrá àkọ́kọ́ lórí dísìkì. Yàrá náà kéré jọjọ: bytes 512 péré ni. Nínú rẹ̀, 446 ló ṣẹ́kù fún ẹni tó fẹ́ jí odindi ètò. Ibi tóóró yìí ni LILO, tí Werner Almesberger kọ, ń gbé. Nítorí pé àyè ò gbà á, ó pín ara rẹ̀ sí méjì: apá kékeré á jí apá ńlá, apá ńlá á sì jí Linux.

LILO ní ìwà kan tí àwọn àgbà oníṣẹ́ kò lè gbàgbé. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú orúkọ rẹ̀ ló ń kọ sójú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń tẹ̀ síwájú. Bí lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, àlàáfíà ni. Bó bá jẹ́ L nìkan, apá kékeré ti jí ṣùgbọ́n kò rí apá ńlá gbé. Bó bá dúró sórí LI, ó rí i gbé, àmọ́ ìyẹn kọ̀ láti dìde. Bó bá jẹ́ LIL, apá ńlá ti dìde, ṣùgbọ́n kò rí ìwé tí wọ́n kọ àdírẹ́sì sí kà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á mọ ibi tí àìsàn wà kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà á ní ẹ̀rọ òun ti kú.

Àléébù LILO ni pé ó há àyè tí Linux ń gbé sórí, bí ẹni tó mọ̀ pé ilé kẹta lọ́wọ́ ọ̀tún ni ọ̀rẹ́ òun ń gbé, tí kò bèèrè orúkọ rí. Bí o bá fi Linux tuntun rọ́pò ti àtijọ́, tí o gbàgbé láti sọ fún LILO, ó di kí ẹ̀rọ kọ̀ kó má jí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. BIOS àtijọ́ náà kò lè ka dísìkì kọjá òpó 1024; bí Linux bá sùn sí apá ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, LILO ò lè rí i. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń gé àyè kékeré sọ́tọ̀ fún un níwájú dísìkì. GRUB, tí Erich Boleyn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995, tí ẹgbẹ́ GNU sì gbà ní 1999, ló wá fi ìwà bíbéèrè orúkọ rọ́pò ìwà híhá. GRUB lè ka dísìkì fúnra rẹ̀, kó sì wá fáìlì tó ń fẹ́ rí.

Ṣé wàhálà parí? Rárá. Nígbà mìíràn Linux á jí, á sì dákú lójú ẹsẹ̀, á ní òun kò rí dísìkì òun. Ìdí ni pé dẹ́rẹ́bà dísìkì wà lórí dísìkì tí a kò lè ṣí láìsí dẹ́rẹ́bà! Ọ̀bẹ àti èkù tún rèé. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí GRUB tàbí LILO kó àpò kékeré kan, tí ń jẹ́ initrd, sínú ọpọlọ ẹ̀rọ pẹ̀lú Linux. Inú àpò náà ni àwọn dẹ́rẹ́bà àkọ́lò wà. Títí dòní, bí àpò yẹn bá bàjẹ́, ilẹ̀kùn ò ní ṣí.

Ṣòkòtò àgbàbọ̀

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta mọ́dẹ́ẹ̀mù olówó pọ́ọ́kú. Wọ́n yọ èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ kúrò lára rẹ̀, wọ́n gbé e lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, dẹ́rẹ́bà Windows nìkan ni wọ́n sì ṣe. Olùmúlò Linux ò lè fi í dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìmọ̀ràn tó lè gbà á wà.

Nígbà tí Wi-Fi dé, ìyà náà tún tẹ̀ síwájú. Èyí tí Broadcom ṣe wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tó pọ̀, ilé-iṣẹ́ náà kò sì sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan lo NDISwrapper, tó ń fi dẹ́rẹ́bà Windows ṣiṣẹ́ nínú Linux. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a sọ ni. Àwọn mìíràn fi sùúrù ṣe é: ẹgbẹ́ kan ń wo bí dẹ́rẹ́bà ilé-iṣẹ́ náà ṣe ń ṣe, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀; ẹgbẹ́ kejì, tí kò fojú kan ti ilé-iṣẹ́ rí, ń fi àkọsílẹ̀ yẹn kọ tuntun, kí ẹnikẹ́ni má baà pè wọ́n lólè. Ní ọdún 2006, iṣẹ́ wọn wọnú Linux. Ní 2010, Broadcom fúnra rẹ̀ wá gbé dẹ́rẹ́bà tí gbogbo ènìyàn lè kà jáde.

Ní ọdún 2007, Greg Kroah-Hartman, ọ̀kan nínú àwọn àgbà Linux, kéde fún gbogbo ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n kàn sọ bí ẹ̀rọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́, àwọn á kọ dẹ́rẹ́bà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ tẹ́tí sí i. Nvidia, tó ń ṣe ẹ̀rọ àwòrán, kò tètè gbà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, nígbà tí wọ́n bi Torvalds léèrè ọ̀rọ̀ Nvidia ní Yunifásítì Aalto ní Finland, ó na ìka àárín sí kámẹ́rà, ó sì bú wọn ní gbangba. Ó di ọdún 2022 kí Nvidia tó ṣí apá tó ń gbé inú kernel sílẹ̀ fún ayé.

Òǹtẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà

Ní 2012 kan náà, nígbà tí Windows 8 jáde, àwọn kọ̀ǹpútà tuntun dé pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ tí ń jẹ́ Secure Boot. Ẹ̀ṣọ́ náà kì í jẹ́ kí ètò kankan jí àfi èyí tó ní òǹtẹ̀ tó dá mọ̀. Kí a má parọ́, ìdí wà fún un: àwọn ètò apanilára kan wà tó máa ń jí ṣáájú onílé. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ Microsoft ló wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo kọ̀ǹpútà. Ó di pé kí Linux tó lè jí lórí ẹ̀rọ tí o fi owó rẹ rà, ẹni tó ń bá Linux du ọjà ló máa fọwọ́ sí i.

Matthew Garrett ló kọ shim, ètò kékeré tí Microsoft lu òǹtẹ̀ fún, tí òun náà á wá jẹ́rìí GRUB. Ó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀, àmọ́ kò mú ẹjọ́ kúrò nílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2020, wọ́n rí ihò kan nínú GRUB tí wọ́n pè ní BootHole. Àtúnṣe tí Red Hat kọ́kọ́ gbé jáde mú kí àwọn kọ̀ǹpútà kan kọ̀ láti jí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, àtúnṣe Windows kan ti ilẹ̀kùn mọ́ Linux tó ń bá a gbé inú kọ̀ǹpútà kan náà. Àwọn onílé jí láàárọ̀, ẹ̀rọ wọn sọ fún wọn pé nǹkan ti bàjẹ́ gidigidi, ó sì kú fin-ín.

Bí àgbà bá ṣubú

Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa? Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Linux kì í fi ohun tó ń ṣe é pamọ́. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó gbé láti ìgbà tó jí ló ń kọ sílẹ̀, àṣẹ dmesg sì ń fi í hàn. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á, á mọ̀ bóyá àpò initrd ni, tàbí dẹ́rẹ́bà kan ló sọnù. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, kó kọ́kọ́ fi Linux orí CD tàbí flash dán an wò láìfi ọwọ́ kan dísìkì rẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni Klaus Knopper ará Jámánì mú gbajúmọ̀ láti ọdún 2000 pẹ̀lú Knoppix. Ọgbọ́n yìí náà ló wà nínú CD Ubuntu tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé títí di 2011.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó jù nìyí. Láti orí bébà tó há sí ẹ̀rọ Xerox títí dé òǹtẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ẹni tó mọ èdè ẹ̀rọ ló ń jẹ ọ̀gá lórí ẹni tó rà á. Dẹ́rẹ́bà kọ̀ọ̀kan tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí kọ, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ló ń gba díẹ̀ padà lára ohun tí ó yẹ kó jẹ́ tiwa. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Bí o bá ra ẹ̀rọ, tí o kò ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣé o rà á ni, àbí wọ́n kàn yá ọ lò?