Àgbo, Gripe Water àti Ọ̀já: Ìtàn Inú Rírun Ọmọ Tuntun ní Ìjẹ̀bú



Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin bímọ láìpẹ́ yìí. Ọmọ náà kò tíì pé oṣù méjì, ọmú nìkan ló sì ń mu. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí, igbe dé nìyẹn: á ká ẹsẹ̀ mọ́ ikùn, á di ẹ̀ṣẹ́, ojú rẹ̀ á pọ́n, á só, á dákẹ́ díẹ̀, á tún fi igbe bọnu. Ìyá ọkọ tó wá bá wọn wẹ ọmọ ní àgbo ni kí wọ́n rọ fún un. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní kí wọ́n ra gripe water. Nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ fún oṣù 6 àfi ọmú, kódà kí wọ́n má fún un lómi. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Sà, ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Ìtàn ni mo fi kọ́ yín, kì í ṣe ìṣègùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìtàn gan-an nìyí. Ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn mẹ́ta tó ń bá a sọ̀rọ̀ yẹn ti wá, àwọn ìgbà náà sì pàdé nínú yàrá kan ṣoṣo, lórí ikùn tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Tàwa Yorùbá, inú la máa ń dá lẹ́bi. A ní inú ń run ọmọ, inú rẹ̀ ń kùn, inú rẹ̀ wú, atẹ́gùn wà níbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní colic, ọ̀rọ̀ tó wá láti ara orúkọ ìfun ńlá lédè Gíríìkì. Inú náà ni àwọn náà mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà Morris Wessel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1954, wọn kò ka ìsó, wọn kò wọn atẹ́gùn. Igbe ni wọ́n kà: ọmọ tí ara rẹ̀ le, tó ń jẹun dáadáa, àmọ́ tó ń ké ju wákàtí 3 lọ lójúmọ́, ju ọjọ́ 3 lọ lọ́sẹ̀, fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ. Ọmọ tó bá ń ké a máa gbé afẹ́fẹ́ mì, afẹ́fẹ́ tó bá sì wọlé gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà jáde. Torí náà, ìsó tí à ń gbọ́ yẹn lè jẹ́ ọmọ tí igbe bí, kó má jẹ́ bàbá igbe rárá.

Ohun kan wà tí gbogbo àwọn dókítà gbà: igbe náà á máa pọ̀ sí i títí ọmọ á fi tó bí ọ̀sẹ̀ 6, lẹ́yìn náà á máa lọ sílẹ̀, nígbà tó bá sì fi máa pé oṣù 3 tàbí 4, á ti tán. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló sọ gbogbo oògùn inú ìtàn yìí di olókìkí. Ohunkóhun tí ìyá bá ń fún ọmọ lẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ ló máa gba ìyìn pé òun ló wo ọmọ sàn.

Ìyá àgbà ló dàgbà jù nínú àwọn mẹ́ta yìí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú, bíi ti ibi tó kù nílẹ̀ Yorùbá, efinrin ni gbajúmọ̀ ewé inú. Wọ́n á sè é tàbí kí wọ́n fún un, wọ́n á sì fi omi rẹ̀ rọ ọmọ. Fún ẹ̀yin ọmọ ìlú ńlá tí ẹ kò rí i rí: ìyá á tẹ́ ọmọ sórí itan, á ká àtẹ́lẹwọ́ bí ife sí i lẹ́nu, á da àgbo sínú rẹ̀, bí ọmọ bá ṣe ń ya ẹnu ké ni àgbo ń wọlé. Lẹ́yìn èyí ni ìwẹ̀: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kànìnkànìn àti ọṣẹ, àdí ní gbogbo ara, ọwọ́ tí wọ́n yá níná tí wọ́n fi ń ra ikùn, ẹsẹ̀ tí wọ́n ń ká tí wọ́n ń nà. Nígbà tó bá yá, ọ̀já.

Efinrin kì í ṣe ewé lásán. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ti rí thymol nínú òróró rẹ̀, ohun kan náà tí wọ́n ń fi sínú omi ìfọnu nítorí pé ó ń pa kòkòrò àrùn. Wàhálà àgbo kò sí nínú ewé tó bẹ́ẹ̀, inú rírọ gan-an ló wà. Ọmọ tí wọ́n bá ń da nǹkan sí lẹ́nu níbi tó ti ń ké lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àgbo tó bá sì kún inú ọmọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ti gba àyè ọmú nìyẹn. Bí omi tí wọ́n fi pò ó kò bá mọ́, ìgbẹ́ gbuuru dé.

Báwo ni ìgò ṣe wá dé bá àgbo? Títí di 1892, Ìjẹ̀bú ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn òyìnbó àti àwọn míṣọ́nárì. Oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Ọ̀nà wá ṣí. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ gba ọ̀nà náà wọlé, ọjà òkè òkun náà sì bá wọn wọlé, oògùn inú ìgò sì wà lára ọjà.

Ìtàn gripe water fúnra rẹ̀ dùn ún sọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. William Woodward, apòògùn kan ní ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é ní 1851. Ibà ló ti bẹ̀rẹ̀ o! Ní àwọn ilẹ̀ irà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibà tó jọ tiwa ń bá àwọn ọmọdé jà nígbà náà. Wọ́n kíyè sí i pé oògùn tí wọ́n ń fún wọn fún ibà náà ń rọ inú lọ́rùn, Woodward sì ti ibẹ̀ ṣe tirẹ̀. Kí ló wà nínú rẹ̀? Òróró láti ara èso ewéko kan tí wọ́n ń pè ní dill, ṣúgà, sodium bicarbonate, omi, àti ọtí. Sodium bicarbonate yìí, ìbátan kán-ún ni. Òun gan-an wà nínú kán-ún tí à ń rà lọ́jà. Ẹ wá wò ó: ewé, kán-ún, ohun dídùn, omi, ọtí. Bí ìyá àgbà kan ní Ìmùṣin bá po èyí sínú ìkòkò, kí la máa pè é? Àgbo ni. Àgbo ibà àwọn òyìnbó ni wọ́n rọ sínú ìgò, wọ́n lẹ àwòrán Hercules kékeré tó ń fọwọ́ fún ejò lọ́rùn mọ́ ọn, ó sì bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì rìn káàkiri ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, òun ni ọ̀làjú, àgbo tiwa wá di ìwà ará oko.

Ó ń ṣiṣẹ́ ṣá, àwọn ìyá wa kò purọ́. Ọtí kì í kọ̀ láti mú ọmọ jòwó. Ṣúgà náà a máa pa ọmọ tuntun lẹ́nu mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ti dán èyí wò nílé ìwòsàn. Ó di nǹkan bí 1992 kí wọ́n tó ní kí ọtí kúrò nínú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí túmọ̀ sí pé fún ohun tó lé ní 100 ọdún, ọ̀pọ̀ ọmọ ọwọ́ ló ń mu ọtí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe ìyá wọn ní ọ̀mùtí. Oògùn tuntun tí wọ́n ń pè ní simethicone, tí wọ́n ní ó ń túká atẹ́gùn, náà wọ inú àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà. Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1994, kò ṣe dáadáa ju omi òfo tí wọ́n fi wé e lọ.

N kò lè kọjá níbí láì mẹ́nu kan ohun tó yẹ kó mú ká bẹ̀rù ìgò. Ní 1990, ọmọ 47 ni wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn yunifásítì ní Jos tí wọn kò lè tọ̀ mọ́. Wọ́n ti mu omi parasitamọ́ọ̀lù tí diethylene glycol wà nínú rẹ̀, kẹ́míkà tó ń ba kíndìnrín jẹ́, tí kò yẹ kó dé ẹnu èèyàn rárá. Gbogbo wọn ló kú. Ní 2008, ó tún ṣẹlẹ̀: oògùn eyín kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, kẹ́míkà kan náà, ọmọ 84 ló bá a lọ. NAFDAC ti ilé iṣẹ́ náà pa. Àwọn oògùn yìí kì í ṣe gripe water, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọ̀rọ̀ mi kà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ orí pẹpẹ kan náà ni wọ́n ń tò wọ́n sí, ọwọ́ ìyá kan náà ló sì ń rà wọ́n, nítorí igbe kan náà.

Ó ku nọ́ọ̀sì. Òfin tirẹ̀ ló kéré jù lọ́jọ́ orí. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀bú-Òde gan-an wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀ fún wa. Olikoye Ransome-Kuti ni mò ń wí, tí wọ́n bí ní 1927 nígbà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Ijebu-Ode Grammar School. Dókítà ọmọdé ni, ó sì di mínísítà ètò ìlera ní 1985. Nígbà tirẹ̀, ní 1990, ni ìjọba ṣe òfin tó ká àwọn tó ń polówó wàrà agolo lọ́wọ́ kò. Ní ọdún kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Florence ní Ítálì, tí wọ́n ní kí ọmú nìkan jẹ́ oúnjẹ ọmọ fún oṣù 4 sí 6. Ó di 2001 kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó sọ ọ́ di oṣù 6 pérépéré. Ìyá ọkọ tó bí ọmọ rẹ̀ ní 1985 kò ṣe oríkunkun nígbà náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Ṣé a gbà? Díẹ̀díẹ̀ ni. Nínú ìwádìí ìjọba ti 2008, ọmọ 13 péré nínú 100 tí kò tíì pé oṣù 6 ló ń mu ọmú nìkan. Ní 2013 ó di 17, ní 2018 ó di 29. Omi lásán ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ ba òfin náà jẹ́, bẹ́ẹ̀ omi ló pọ̀ jù nínú ọmú.

Ìṣẹ́ mìíràn tún wà tí Ransome-Kuti ṣe tí àwọn èèyàn kò mọ̀ tó. Òun àti Norman Kretchmer pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1971. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ àgbà Yorùbá kò lè da ṣúgà inú wàrà, àmọ́ àwọn Fúlàní darandaran lè dà á. Àgbàlagbà tí inú rẹ̀ ń kùn lẹ́yìn ife tíì oníwàrà mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọwọ́ Yorùbá ń dà á. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ti jáwọ́ ọmú ni agbára yẹn ń lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọmú ìyá ló ń fún ọmọ ní atẹ́gùn, ó ń fi inú ara rẹ̀ díwọ̀n inú ọmọ ni.

Wàyí o, nínú gbogbo ohun tí ìyá àgbà ń ṣe, èyí tí kò wọ ẹnu ni ìtàn gbójú fò. Ní 1986, Urs Hunziker àti Ronald Barr ní Kánádà ní kí àwọn ìyá kan máa gbé ọmọ wọn mọ́ra fún wákàtí 3 kún ti tẹ́lẹ̀ lójúmọ́, láìdúró de ìgbà tó bá ké. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ 6, igbe wọn fi 43 nínú 100 dín sí ti àwọn tó kù. Nígbà tí Barr wá dán an wò lára àwọn ọmọ tó ti wà nínú igbe náà tẹ́lẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n. Lójú tèmi, àṣà wa sún mọ́ ìwádìí àkọ́kọ́ ju èkejì lọ: a kì í dúró de igbe ká tó gbé ọmọ.

Ẹ̀dùn tí mo ní sí òfin nọ́ọ̀sì kò ju èyí lọ: ó gba àgbo lọ́wọ́ ìyá àgbà, kò sì fi iṣẹ́ mìíràn lé e lọ́wọ́. Ẹni tó rin ìrìn àjò wá torí ọmọ kò ní í káwọ́ gbera. Ohun tí mo kọ sí akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé kó fún ìyá ní iṣẹ́. Kí wọ́n jọ wò ó bóyá ọmọ gba ọmú dáadáa sẹ́nu, kì í ṣe orí ọmú nìkan, kó má baà máa fa afẹ́fẹ́. Bí ó bá mu ún tán, kí ìyá àgbà gbé e nàró sí èjìká, kó máa rọra lù ú lẹ́yìn títí á fi gùfẹ̀. Kó fi ọwọ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ra ikùn rẹ̀, kó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà ìwẹ̀. Kó tẹ́ ẹ dojú bolẹ̀ sórí apá nígbà tó bá lajú, àmọ́ ẹ̀yìn ni kí wọ́n fi sùn ún. Bí igbe bá sì ti rẹ ìyá ọmọ, kí ìyá àgbà gbà á kó jáde síta, kí òun lọ sùn.

Bí ara ọmọ náà bá gbóná, tí ó ń bì nǹkan aláwọ̀ ewé, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tí ikùn rẹ̀ le gbagidi, tàbí tó kọ ọmú, inú rírun kọ́ nìyẹn mọ́. Kí wọ́n wá ọkọ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìjẹ̀bú-Òde lóru ọjọ́ náà.