Ìbọn, Ìwé àti Ẹ̀kọ́: Ìtàn Ìdáàbòbò Ìnàkí Orí Òkè Virunga

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí òwe yìí ti bá ilé wí, bẹ́ẹ̀ ni ó bá igbó wí, tí ó bá odò wí, tí ó sì bá gbogbo ohun tí ìran kan jogún tí ó níláti fi sílẹ̀ fún ìran tí ń bọ̀ wí. Ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Áfíríkà, ìtàn kan wà tí ó fi òtítọ́ òwe náà hàn kedere. Ìtàn náà ni ti àwọn ènìyàn tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà, fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ìnàkí orí òkè kò fi ní í parun. Ìbọn ni àwọn àjèjì kọ́kọ́ gbé dání lọ bá ẹranko náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé ìwé àti kálàmù. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n tó rántí àwọn tí oko wọn bá igbó náà pààlà. Ìgbà tí wọ́n rántí wọn ni nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ sí í yípadà.

Ẹranko náà àti ibùgbé rẹ̀

Ìnàkí tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní gòrílà. Ẹ̀yà rẹ̀ tí ń gbé orí òkè wà ní agbègbè méjì péré ní gbogbo ayé: lórí òwọ́ òkè ayọnáyèéfín mẹ́jọ tí a ń pè ní Virunga, níbi tí ilẹ̀ Rùwáńdà, Ùgáńdà àti Kóńgò ti pàdé, àti nínú igbó Bwindi ní Ùgáńdà, tí kò jìnnà síbẹ̀. Ewé, igi tútù àti ọ̀mùnú ọparun ni oúnjẹ rẹ̀. Agbo-agbo ni wọ́n ń gbé. Akọ àgbà tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti funfun bí eérú ni olórí agbo. Bí ó ti tóbi tó, tí ó sì ń fi ọwọ́ lu àyà gbì-gbì, kì í wá ìjà ènìyàn bí a kò bá tọ́ ọ. Abo kì í sábà bí ju ọmọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin kí ó tó tún bí òmíràn. Nítorí náà, bí ìbọn tàbí okùn bá pa ìnàkí kan, ọdún púpọ̀ ni agbo yóò fi wá àfirọ́pò rẹ̀.

Ìgbà ìbọn

Àwọn tí ń gbé ẹsẹ̀ òkè wọ̀nyí ti mọ ìnàkí láti ayébáyé, ṣùgbọ́n oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1902 ni àwọn Òyìnbó tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ ogun Jámánì kan, Robert von Beringe, ń gun òkè Sabyinyo nígbà náà. Ó rí àwọn ẹranko dúdú ńláńlá kan, ó sì yìnbọn pa méjì nínú wọn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Jámánì fi orúkọ Beringe sọ ẹranko náà. Ọ̀nà yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ àjèjì gbà lẹ́yìn rẹ̀: ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìnàkí, òkú rẹ̀ ni ó ń gbé lọ sílé.

Ní ọdún 1921, Carl Akeley wá láti Amẹ́ríkà láti pa ìnàkí fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York. Ó pa wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó rí yí ọkàn rẹ̀ padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Albert, Ọba ilẹ̀ Bẹ́líjíọ̀mù tí ó ń ṣe ìjọba lórí Kóńgò nígbà náà, pé kí ó dáàbò bo àwọn òkè wọ̀nyí. Ọba gbà. Ní ọdún 1925, wọ́n pààlà sí igbó náà, wọ́n fi òfin dè é, ó sì di igbó ọba àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Akeley padà síbẹ̀ ní ọdún 1926, ó kú sórí òkè Mikeno, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí.

Òfin yìí dára fún ẹranko, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan. Àwọn àgbẹ̀, àwọn ọdẹ, àwọn darandaran àti àwọn Batwa tí wọ́n ń jẹ nínú igbó náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Bẹ́ẹ̀ ni ààlà tí ẹnì kan bá dá fà ní ẹ̀yìn ẹnì kejì, ìjà ni ó máa ń bí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí ará abúlé mọ̀ nípa igbó náà kò ju pé ìjọba ni ó ni ín, àti pé ẹni tí a bá mú níbẹ̀ yóò jìyà.

Ìgbà ìwé

Ní ọdún 1959, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹranko kan, George Schaller, gun òkè náà lọ láìgbé ìbọn. Ó jókòó sí ibi tí ìnàkí ti lè rí i, ó ń wò wọ́n, ó sì ń kọ ohun tí ó ń rí sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1963 fi hàn pé ẹranko tí àwọn Òyìnbó ń pè ní ẹhànnà jẹ́ ẹlẹ́bí oníwà pẹ̀lẹ́. Ó fojú díwọ̀n iye wọn ní Virunga sí nǹkan bí 450.

Lẹ́yìn Schaller ni Dian Fossey dé, obìnrin ará Amẹ́ríkà. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1967 ni ó pàgọ́ sí àárín òkè Karisimbi àti òkè Visoke ní Rùwáńdà, tí ó sì mú orúkọ méjèèjì pọ̀, tí ó pe ibùdó náà ní Karisoke. Ó fi ìlà tí ó wà ní imú dá ìnàkí kọ̀ọ̀kan mọ̀, ó sì ń fi ẹnu ṣe bí wọ́n ti ń ṣe, títí tí ojú wọn fi mọ́ ọn. Ní ọdún 1970, akọ kan tí ó pè ní Peanuts na ọwọ́, ó sì fi kan ọwọ́ rẹ̀. Irú èyí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn ẹ̀kọ́ nípa ẹranko náà.

Bí ìmọ̀ ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni igbó ń dín kù. Ní nǹkan bí ọdún 1969, ìjọba Rùwáńdà gé nǹkan bí 10,000 hẹ́kítà kúrò lára igbó ọba náà, kí àwọn àgbẹ̀ lè gbin òdòdó kan tí a fi ń ṣe oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń tà sí òkè òkun. Àwọn ọdẹ náà kò sinmi. Ẹtu àti ìgalà ni wọ́n dẹ okùn sílẹ̀ dè, ṣùgbọ́n okùn a máa mú ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ìnàkí, ojú ọgbẹ́ a sì kẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1977, àwọn ọdẹ pa Digit, akọ kan tí Fossey ti mọ̀ láti kékeré, wọ́n sì gé orí àti ọwọ́ rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ogun ni Fossey ń bá àwọn ọdẹ jà. Ó ń kó owó jọ láti òkè òkun, ó ń san owó fún àwọn tí ń já okùn inú igbó, ó sì le mọ́ àwọn tí ọwọ́ bá tẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ka ìnàkí Virunga ní ọdún 1981, iye wọn kò ju nǹkan bí 254 lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1985, wọ́n pa Fossey sínú ilé rẹ̀ ní Karisoke. Ẹ̀gbẹ́ sàréè Digit ni wọ́n sin ín sí.

Kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ rọ́ iṣẹ́ Fossey sẹ́yìn. Bí kò bá sí òun, ayé ì bá má mọ ohun tí ó ń sọnù. Ṣùgbọ́n kí a mọ ìwà ẹranko yàtọ̀ sí kí a mọ ìdí tí aládùúgbò rẹ̀ fi ń dẹ okùn.

Ìgbà ẹ̀kọ́

Ní ọdún 1978, tọkọtaya ará Amẹ́ríkà kan, Bill Weber àti Amy Vedder, dé Rùwáńdà. Vedder ń wo ohun tí ìnàkí ń jẹ. Ní ti Weber, ó ń lọ láti oko dé oko, ó ń bi àwọn àgbẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n rò nípa igbó tí ó wà lókè wọn. Ìdáhùn wọn kò fi igbá kan bọ̀kan nínú. Nǹkan bí ìdajì wọn ni ó fẹ́ kí ìjọba sọ igbó náà di oko. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ Rùwáńdà kéré, èrò ibẹ̀ pọ̀, oko tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní kò sì tó láti bọ́ ọmọ. Àní ní àkókò náà gan-an, ètò mìíràn ti wà nílẹ̀ láti gé 5,000 hẹ́kítà sí i fún ìjẹko màlúù.

Bí ìjọba bá gé ilẹ̀ yìí, ìbọn ẹ̀ṣọ́ kò ní í wúlò mọ́. Nítorí náà, ní ọdún 1979, wọ́n dá ètò tuntun sílẹ̀, tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta bí àdògán. Èkíní ni àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, tí wọ́n fún ní ohun èlò àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Èkejì ni àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, tí wọ́n ń sanwó kí wọ́n tó wo agbo ìnàkí díẹ̀ tí ojú wọn ti mọ́ ènìyàn, kí ìjọba lè rí i pé igbó tí ó dúró lè mú owó wọlé ju pápá màlúù lọ. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́. Wọ́n ń gbé sinimá àti àwòrán lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń lọ bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn yẹ fún àkíyèsí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìnàkí nìkan ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa omi pẹ̀lú. Wọ́n ṣàlàyé pé igbó orí òkè ni ó ń gba òjò dúró, tí ó ń jẹ́ kí ó máa sun díẹ̀díẹ̀ wọ inú odò tí àwọn àgbẹ̀ ń pọn. Bí a bá gé igbó, àgbàrá yóò gbá ilẹ̀ oko lọ, odò yóò sì gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí yé àgbẹ̀, nítorí pé ó kan ìkòkò omi ilé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún béèrè èrò àwọn àgbẹ̀ ní ọdún 1984, iye àwọn tí ó fẹ́ kí wọ́n sọ igbó di oko ti dín kù gidigidi. Ìjọba kò gé 5,000 hẹ́kítà náà mọ́. Nígbà tí wọ́n ka ìnàkí ní ọdún 1989, iye wọn ti tó nǹkan bí 320.

Ìdánwò

Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Rùwáńdà ní ọdún 1990. Ní ọdún 1994, láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, wọ́n pa ènìyàn tí ó ju 500,000 lọ, Tutsi ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn àjèjì sá lọ, wọ́n sì ba Karisoke jẹ́. Ọ̀pọ̀ rò pé ìnàkí ti tán, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ogun náà pa. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó àti àwọn atọpa ọmọ Rùwáńdà padà sẹ́nu iṣẹ́. Onímọ̀ kan tí ogun ti lé kúrò nílé, Eugène Rutagarama, padà wá láti tún iléeṣẹ́ igbó ọba ró. Ní ọdún 2001 ni ó gba ẹ̀bùn Goldman nítorí iṣẹ́ náà. Ní apá ti Kóńgò, níbi tí ìjà kò ti tán, ó ju igba ẹ̀ṣọ́ igbó lọ tí wọ́n ti kú sẹ́nu iṣẹ́ ní Virunga.

Ní Ùgáńdà, ẹ̀kọ́ gba ọ̀nà mìíràn. Gladys Kalema-Zikusoka ni dókítà ẹranko tí ìjọba gbà síṣẹ́ nígbà tí kúrúnà mú agbo ìnàkí kan ní Bwindi ní ọdún 1996. Wọ́n gbà pé láti ara àkísà tí àwọn àgbẹ̀ fi wọ aṣọ́komásùn ni àrùn náà ti ràn wọ́n. Ó rí i pé a kò lè wo ìnàkí sàn kí a fi aládùúgbò rẹ̀ sílẹ̀ nínú àìsàn. Ní ọdún 2003, ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń tọ́jú ìlera ènìyàn àti ti ẹranko pọ̀. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni ń lọ láti ilé dé ilé láti kọ́ni ní ìmọ́tótó.

Láti ọdún 2005, Rùwáńdà ń ṣe ayẹyẹ Kwita Izina, tí wọ́n fi ń sọ ọmọ ìnàkí lórúkọ ní gbangba bí wọ́n ti ń sọ ọmọ ènìyàn. Ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó arìnrìn-àjò fún àwọn abúlé tí ó yí igbó ká. Ní ọdún 2017, ó di ìdá mẹ́wàá. Ìnàkí Virunga di 480 ní ọdún 2010. Kíkà ọdún 2015 sí 2016 rí 604. Ní ọdún 2018, àpapọ̀ ti Virunga àti ti Bwindi ti ju 1,000 lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó jèrè. Nígbà tí Bwindi di igbó ọba ní ọdún 1991, wọ́n lé àwọn Batwa kúrò nínú igbó tí àwọn baba ńlá wọn ti ń gbé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn di aláìnílẹ̀ títí di òní. Àwọn tí ó mọ igbó náà jù ni wọn kò bi léèrè. Ẹ̀kọ́ tí ó bá fi irú wọn sílẹ̀ kò tíì pé.

Ti ilé

Ìtàn yìí kan Nàìjíríà. Ẹ̀yà ìnàkí kan tí onímọ̀ sọ lórúkọ ní ọdún 1904 wà lórí àwọn òkè Ìpínlẹ̀ Cross River àti ní Kamẹrúùnù. Ìgbà kan wà tí wọ́n rò pé ó ti parun ní Nàìjíríà, kí ìwádìí tó fi hàn ní àwọn ọdún 1980 pé ó ṣì wà. Iye rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè méjèèjì kò tó 300. Ìjọba dá igbó ọba Cross River sílẹ̀ ní ọdún 1991. Ó ya òkè Afi sọ́tọ̀ ní ọdún 2000. Ní òkè Mbe, àwọn abúlé mẹ́sàn-án tí ó ni ilẹ̀ ni wọ́n parapọ̀ láti máa ṣọ́ ọ. Ní ọdún 2020, àwòrán tí wọ́n yà níbẹ̀ fi ìnàkí hàn pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn.

Ìtàn Virunga fi hàn pé òfin lè dá ọdẹ dúró fún ìgbà díẹ̀, àti pé ìwé lè sọ ohun tí ẹranko jẹ́. Ọ̀dọ̀ ọmọ abúlé ni ọ̀rọ̀ yóò já sí, nítorí pé òun ni yóò jogún okùn ìdẹ baba rẹ̀, tàbí kí ó ká a kúrò nílẹ̀. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé ni ó sì súnmọ́ ọmọ náà jù.