Àká

Ibi tí àgbẹ̀ ń kó àgbàdo gbígbẹ sí lẹ́yìn ìkórè ni àká. Àwọn onímọ̀ èdè ti yá ọ̀rọ̀ náà lò: àká-ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pe àkójọ ọ̀rọ̀ inú èdè. Èmi náà fẹ́ yá a, fún kọ̀ǹpútà tí a gbé sílé láti máa tọ́jú fíìmù àti orin. Àká fíìmù.

Ẹni tó fẹ́ kọ́ àká á kọ́kọ́ wo bí ìkórè ṣe pọ̀ tó. Síídì kan kì í ju nǹkan bíi 700 MB lọ. DVD olípele kan gba 4.7 GB, Blu-ray olípele kan sì gba 25 GB. Háàdì dísìkì 1 TB á gba 200 irú DVD bẹ́ẹ̀, kò sì ní í kún. Àwọn síídì fíìmù Yorùbá àtijọ́, oní-apá-kìíní-apá-kejì, kò gbàyè rárá.

Dísìkì ló yẹ kí owó lọ sí, kì í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Láptọ́ọ̀pù àlòkù pàápàá tó, bátìrì rẹ̀ á sì gbé e dúró nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Àmọ́ ẹ ra dísìkì méjì, kí ohun tó bá wọ ọ̀kan máa wọ èkejì: kòkòrò kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó wọ àká. Ẹ̀rọ tí ń ka àwo, tí a ó fi kó fíìmù inú síídì àti DVD wọ àká, ńkọ́? Èyí tí ń ka DVD nìkan kò lè ka Blu-ray, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Síídì tí ojú rẹ̀ ti dọ̀tí, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín bọ̀ síta, kí ẹ tún un dán wò.