Ta Ló Fún Ọdẹ Láṣẹ? Ìtàn ẹran ìgbẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́-Ilé

Ẹ̀yin ará mi, ẹ wá ibi jókòó sí, ìtàn tòní gùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni, ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ, àti ìdí tí bàbá mi àgbà fi bínú sí mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. 🧵

Takie ni mo dàgbà sí, ní àárín ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Ọdẹ, kò bá wa gbé ìgboro. Oko ló wà, lọ́nà Ìkòyí lọ́hùn-ún. Tó bá ti wọ ìlú, àwa ọmọdé ti mọ̀ pé ọbẹ̀ máa dùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó gbé àpò kan wọlé. Mo tú u, akika ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹranko tó ní ìpẹ́ lára bí ẹja ni, tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù tí ẹ̀rù bá bà á. Ẹnu mi ò gbé e. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò gbọdọ̀ pa eléyìí mọ́ o. Òfin ò gbà á."

Bàbá ṣí fìlà, wọ́n wò mí títí. "Òfin ta ni? Ìgbà wo ni wọ́n wá bá wa sọ ọ́?" Wọ́n fa ọ̀rá kan yọ lápò, wọ́n mú ìwé ìbọn wọn jáde, ó ti gbó, etí rẹ̀ ti ya. "Ìwé àṣẹ mi nìyí. Ọmọ ìwé, kà á fún mi, níbo ni wọ́n ti kọ akika síbẹ̀?"

Mo kà á. Kò sí akika níbẹ̀ lóòótọ́. Èmi náà ò rí èsì fún wọn. Ìyá mi ní kí n dìde lọ bu omi wá.

Látìgbà náà ni mo ti ń kàwé kiri. Ohun tí mo rí nìyí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọdẹ ló tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó. Ìtàn ìlú dárúkọ ọdẹ márùn-ún tó kọ́kọ́ pàdé ara wọn nínú igbó yìí, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún: Aálẹ̀, Òhunsilé, Òrìṣàtólú, Akandie àti Ògúnlọlá. Aálẹ̀ yẹn, ọdẹ erin ni wọ́n ní ó jẹ́, àdúgbò rẹ̀ la sì ń pè ní Òkè-Ẹlẹ́rin títí dòní. Ẹ lọ sí Òkè-Ẹlẹ́rin lọ́la kẹ́ ẹ wá erin. Àfi kẹ́ ẹ rí ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀kadà.

Àwọn ọdẹ yìí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é ní Alóńgo. Ohun mẹ́ta ni ìtàn ní wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀: kí wọ́n lè dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ àwọn sùnmọ̀mí, ìyẹn ajínigbé ayé ìgbà náà, kí wọ́n lè jọ máa dẹ ìgbẹ́ pa pọ̀, kí wọ́n sì lè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ilé Ògúnlọlá ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Tí wọ́n bá ti oko ọdẹ dé, ìyàwó rẹ̀ á fún wọn ní ẹ̀wà jẹ, á sì bu ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀ fún wọn mu. Ibi tí ìlú wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o, ìpàdé ọdẹ pẹ̀lú ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ gbé Ògúnlọlá dé iwájú Aláàfin, tó lọ gé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú, tí orúkọ ìlú sì tibẹ̀ wá. Ìyẹn lẹ ti gbọ́ nílé ìwé, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Ohun tó wù mí nínú ọ̀rọ̀ Alóńgo ni pé ẹni tó ń ṣọ́ ìlú àti ẹni tó ń pa ẹran, èèyàn kan náà ni. Àṣẹ ìgbẹ́ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọdẹ, Olúọdẹ ni olórí wọn. Ògún ni wọ́n fi ń búra, kì í ṣe òǹtẹ̀ ọ́fíìsì.

Ṣé wọ́n ní òfin? Wọ́n ní in. Ọdẹ tó bá pa ẹkùn kò gbọdọ̀ dá a gbé lọ sílé, ti ààfin ni. Eyín erin, ọba ní ìpín níbẹ̀. Ẹdun, ilé tí wọ́n bá ti bí ìbejì kì í fẹnu kàn án. Igbó kan wà tó jẹ́ ti òrìṣà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yìnbọn níbẹ̀. Bàbá Ọdẹ fúnra wọn sọ fún mi pé àwọn tó kọ́ wọn níṣẹ́ kì í fẹ́ kéèyàn yìnbọn fún abo tó lóyún, tó bá jẹ́ pé ó rí i kedere. Kò sẹ́ni tó pe èyí ní ètò ìdáàbòbò ẹranko. Èèwọ̀ ni wọ́n pè é.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín. Mo máa ń rí àwọn èèyàn lórí ìkànnì yìí tí wọ́n ń ní àwọn baba wa mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú igbó, òyìnbó ló bà á jẹ́. Ó rọrùn láti sọ, àbí? Tó bá rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀délẹ̀, erin Òkè-Ẹlẹ́rin dà?

Ohun tí mo rò ni pé èèwọ̀ ṣe tiẹ̀, àmọ́ ìṣòro iṣẹ́ ọdẹ gan-an ló dáàbò bo ẹran jù. Ẹ gbọ́ bí Bàbá ṣe ṣàlàyé ẹ̀. Tójò bá ń rọ̀, koríko á ga ju èèyàn lọ, o ò ní rí ẹran tó wà níwájú rẹ. Omi wà níbi gbogbo, ẹran ò sì ní ìdí tí á fi máa wá síbi odò kan náà. Ọdẹ náà ní iṣu àti àgbàdo tó fẹ́ tọ́jú. Torí náà, oko ni wọ́n wà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá sun ìgbẹ́, tí koríko tútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tí àgbọ̀nrín àti ẹtu ń jáde wá jẹ ẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni ọdẹ ń rí ẹran pa. Òjò ló ń ti ìgbẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń ṣí i. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ torí kò sídìí tí wọ́n á fi kọ ọ́.

Ìbọn náà ńkọ́? Ṣakabùlà ni. Tó o bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, tí kò bá ẹran, kó o tó ki ẹ̀tù míì sínú ẹ̀, ẹran ti dé abúlé kejì. 😂

Ẹ wá fi wé tòní. Iná tó ń tàn yòò lórí ọdẹ láti alẹ́ dàárọ̀. Ìbọn ọlọ́ta. Ọ̀kadà tó lè gbé ẹran láti inú igbó dé títì kílẹ̀ tó mọ́. Gbogbo ohun tó ń dá ọdẹ dúró ni owó ti rà kúrò lọ́nà, a sì wá ń retí pé kí èèwọ̀ nìkan ṣe iṣẹ́ tó kù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kúrò nílé díẹ̀, ká lọ síbi tí àwọn kan ti kọ ti wọn sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún, ọdún 1900, àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Ítálì, Spéènì, Pọtogí àti ìjọba Kóńgò tó wà lábẹ́ Léopold jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹranko Áfíríkà. Kò sí ọdẹ Áfíríkà kan ṣoṣo níbẹ̀. Wọ́n pín ẹranko sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí. Èyí tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa, bí ìnàkí. Èyí tí a lè pa níwọ̀nba, bí erin. Wọ́n ní kí ìgbà tí a kò gbọdọ̀ ṣọdẹ wà, kí ìwé àṣẹ sì wà.

Ẹ wá wo èyí tó jọ mí lójú. Ìsọ̀rí kan wà fún ẹranko tí wọ́n pè ní apanilára, tí wọ́n fẹ́ kí iye wọn dínkù. Ta ló wà níbẹ̀? Kìnnìún. Ìkookò. Òjòlá náà wà níbẹ̀, kódà wọ́n ní kí wọ́n máa fọ́ ẹyin rẹ̀. Ẹkùn náà sì wà níbẹ̀!

Ẹkùn o. Ẹran ọba. Ẹran tí ọdẹ ò gbọdọ̀ dá gbé lọ sílé, òun ni wọ́n ní kí wọ́n máa pa dànù bí eku tó wọ àká. Lónìí ńkọ́? Nínú CITES, àdéhùn gbogbo ayé lórí òwò ẹranko tí wọ́n ṣe lọ́dún 1973, ẹkùn wà ní ìsọ̀rí àkọ́kọ́, láàárín àwọn tó lè parun. Tẹ́nì kan bá ń bá ọdẹ jà pé kò ka òfin sí, kó rántí pé òfin yẹn náà ti ṣẹ́rí padà.

Àdéhùn 1900 yẹn ò tiẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo àwọn tó fọwọ́ sí i ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀ nílé. Àmọ́ àwọn ìjọba amúnisìn mú ọgbọ́n inú rẹ̀, wọ́n fi ṣe òfin káàkiri: ìwé àṣẹ, ìsọ̀rí ẹran, igbó ìjọba. Igbó ìjọba yìí ló wá kàn wá gan-an.

Ẹ mọ Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú Aláàfin àtijọ́. Clapperton dé ibẹ̀ lóṣù kìn-ín-ní 1826, ìlú ńlá ló bá. Kò pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ogun ti tú u. Aláàfin Àtìbà tẹ ìjókòó rẹ̀ sí Àgọ́, ibẹ̀ ló di Ọ̀yọ́ tá a mọ̀ lónìí. Ọ̀yọ́-Ilé wá di igbó. Igi hù sójú ààfin, ẹran sì wọlé. Ìrá, ẹfọ̀n àti àgbọ̀nrín ń jẹ̀ níbi tí ìjòyè ti ń dọ̀bálẹ̀. Àwọn ọdẹ tẹ̀lé ẹran lọ síbẹ̀.

Ní 1936, ìjọba sọ agbègbè òkè odò Ògùn di igbó ìjọba. Ní 1941, ó kan Ọ̀yọ́-Ilé. Ní 1952, wọ́n sọ wọ́n di ibùdó ẹranko. Ní 1991, ó di Old Oyo National Park, 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, ìlú Ọ̀yọ́ sì ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Òfin ọgbà ìjọba tọdún 1999 ò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣọdẹ níbẹ̀.

Mi ò sọ pé kò dáa. Ká ní wọn ò dá a dúró, bóyá oko àti eérú nìkan la ò bá máa rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó lójú ọdẹ: igbó tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ṣọdẹ, lórí ilẹ̀ olú-ìlú àwọn baba ńlá rẹ̀, tó bá wọ ibẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, olè ni. Láàárín ìran mẹ́ta péré.

Ó wá ku ìwé Bàbá Ọdẹ. Mo ti mọ èsì rẹ̀ báyìí.

Ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn, ti ìbọn ni. Òfin ìbọn 1959 ló bí i. Ohun tó ń sọ ò ju pé ẹ lè ní ìbọn yìí lọ. Kò sọ ẹran tẹ́ ẹ lè fi pa. Òfin ẹran lọ́tọ̀, ti 1985, tó pín ẹranko sọ́nà méjì: ìsọ̀rí kìíní, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á rárá, ìsọ̀rí kejì, àfi ẹni tó bá gbàwé àṣẹ. Bàbá mi, àti ọ̀pọ̀ ọdẹ tí mo bá sọ̀rọ̀, ìwé kan ni wọ́n mọ̀. Wọ́n rò pé òun náà ni ìkejì.

Akika ńkọ́? Ní 2016, níbi ìpàdé CITES ní Johannesburg, wọ́n gbé gbogbo ẹ̀yà akika mẹ́jọ tó wà láyé sí ìsọ̀rí àkọ́kọ́. Lóṣù kẹrin 2019, láàárín ọjọ́ mélòó kan, Síńgápọ̀ gba ẹrù méjì tó ti Nàìjíríà wá, tó ń lọ sí Vietnam. Ìpẹ́ akika ló wà nínú wọn, ó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Tọ́ọ̀nù o, kì í ṣe kílò! Ẹran tó jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Òyà lè bí mẹ́rin kó má rẹ̀ ẹ́. Ẹ ò lè fi òfin kan náà bá àwọn méjèèjì lò.

Ohun tí àwọn ará Gánà rí nìyẹn. Láti 1971 ni òfin wọn ti ń ti ìgbẹ́ lọ́dọọdún, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ dé ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, torí ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹran ń tọ́mọ. Òyà nìkan lèèyàn lè pa nígbà náà, tòun ti ìwé àṣẹ. Mi ò sọ pé gbogbo ọdẹ Gánà ló ń tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ọdẹ tó wà ní abúlé lè ká a sórí: oṣù kẹjọ, dúró, òyà, ó yá. Kò nílò ọmọ ìwé kankan.

Ní Amẹ́ríkà, òfin kan láti 1937 máa ń gba owó orí lórí ìbọn àti ọta, owó náà sì ń padà sórí ẹran àti igbó. Ọdẹ mọ ibi tówó rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ ibi tówó ìwé ìbọn Bàbá Ọdẹ lọ, kó bá mi sọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí.

Nígbà tí wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ ni wọ́n lọ wá èèyàn sí, torí wọ́n mọ igbó. (Orúkọ ẹran ni wọ́n sì tún fi jẹ́!) Ìdí kìíní tí Alóńgo fi wà nìyẹn. Tá a bá lè pè wọ́n jókòó lórí ọ̀rọ̀ ajínigbé, kí ló dé tá ò lè pè wọ́n lórí ìgbà tó yẹ ká ti ìgbẹ́, ẹran tó ti ń wọ́n, àti èyí tó ṣì pọ̀? Àwọn ló mọ odò tí ẹfọ̀n ti ń mumi. Èmi ò mọ̀ ọ́n, mo kàn ní dátà ni.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo lọ sóko. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Bàbá, mo fi àwòrán ìpẹ́ tí wọ́n gbà ní Síńgápọ̀ hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Gbogbo èyí, akika ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Wọ́n dá fóònù padà fún mi. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà tó máa ń wá ra ìpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ lágbègbè wọn, pé àwọn ti ń bi í tipẹ́ ohun tó ń fi í ṣe, kò sì dáhùn rí. Wọ́n ní níbi ìpàdé ọdẹ tó ń bọ̀, àwọn máa dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí n kọ orúkọ àwọn ẹran tó wà ní ìsọ̀rí kìíní fún àwọn, ní Yorùbá, gàdàgbà gàdàgbà, torí ojú.

Mo ti kọ ọ́ dé mọ́kànlá. Àwọn kan wà tí mi ò mọ orúkọ wọn ní Yorùbá, ẹ̀yin ọmọ ọdẹ tó wà níbí, DM mi ṣí sílẹ̀.