Ìgbà Wo Ni Àmì Méjì Di Ọ̀kan?

Ẹni tó bá ti gbé Mushin tàbí Surulere rí mọ̀ pé ìjà ilẹ̀ kì í pẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin kan á mú pláànù ilẹ̀ tirẹ̀ jáde, ẹnì kejì á mú tirẹ̀ náà jáde, oníkálukú á ní, "Òpó tèmi nìyí!" Ìbéèrè tó wà nídìí ìjà náà kéré lójú: ṣé ojú kan náà ni àmì méjèèjì wà, àbí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Ìbéèrè yìí kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Yaba ń bá yí lójoojúmọ́. Mo fẹ́ ká tọpa ìtàn rẹ̀ díẹ̀, torí ogún ìdílé lè dúró lórí ìdáhùn rẹ̀.

Títì ńlá tó la Yaba kọjá ń jẹ́ Herbert Macaulay. Olóṣèlú ni ọ̀pọ̀ wa mọ bàbá náà sí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ awọnlẹ̀ ló kọ́, àwọn tá à ń pè ní sọ̀féyọ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1864. Ó kọ́ṣẹ́ ní Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà dé ní 1893, ó sì bá ìjọba wọn ilẹ̀ títí di 1898 tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Lóde òní, awọnlẹ̀ a máa sọ igun ilẹ̀ di nọ́ńbà méjì: ọ̀kan sọ bó ṣe lọ sí ìlà oòrùn tó, èkejì sọ bó ṣe lọ sí àríwá tó.

Ṣùgbọ́n a kì í ka ìṣísẹ̀ láìmọ ibi tí a ti gbéra. Láyé ìjọba òyìnbó, ibì kan lẹ́bàá Minna, tí wọ́n ń pè ní L40, ni wọ́n fi ṣe orísun ìwọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí GPS dé, tí ètò rẹ̀ pé pérépéré ní 1995, orísun tirẹ̀ yàtọ̀: àárín gbùngbùn ayé, nínú lọ́hùn-ún, ló ti ń kà. Nítorí náà, òpó kan ṣoṣo ní Surulere ní nọ́ńbà ti Minna, ó sì ní ti GPS. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà ọ̀kan wá a lórí àwòrán èkejì, ẹ ó fi nǹkan bí 100 mítà ṣìnà. Ilẹ̀ tí iwájú rẹ̀ jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà 15 lọ. Ẹ ti kọjá ilé mẹ́fà nìyẹn! Òdìkejì rẹ̀ ló tún burú jù: nọ́ńbà lè bára mu rẹ́gí, kí ilẹ̀ sì jẹ́ méjì.

Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà kò yọ nínú wàhálà yìí. Ní 1984 ni ilé iṣẹ́ Apple gbé Macintosh jáde, ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán àti fèrèsé ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀ tó dà bí tẹlifíṣàn. Bill Atkinson ló kọ QuickDraw, ètò tó ń ya àwòrán náà. Àṣẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ EqualPt. Ẹ fún un ní àmì méjì, á fi nọ́ńbà méjèèjì ti ọ̀kan wé ti èkejì. Bí wọ́n bá dọ́gba, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, á ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó rọrùn, torí nọ́ńbà odindi ni wọ́n ń lò. Síbẹ̀, fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní orísun tirẹ̀. Àmì 10, 10 nínú fèrèsé kan kì í ṣe ojú kan náà pẹ̀lú 10, 10 nínú fèrèsé kejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe àṣẹ mìíràn, LocalToGlobal, tó ń sọ nọ́ńbà fèrèsé di nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ lódindi, kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Ọ̀rọ̀ Minna àti GPS náà ló tún dé yìí.

Wàhálà kejì ni ti nọ́ńbà tí kì í ṣe odindi. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2. Lọ́pọ̀ ètò, kò ní jẹ́ 0.3 gan-an, á fi bíńtín lé, ní ipò kẹtàdínlógún lẹ́yìn àmì. Ẹ bi í bóyá ó dọ́gba pẹ̀lú 0.3, á ní rárá. Awọnlẹ̀ mọ irú èyí tipẹ́: ẹ wọn ojú kan lẹ́ẹ̀mejì, iye náà á yàtọ̀ díẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn méjèèjì ń dá sí i. Wọ́n á wo àlàfo àárín àmì méjèèjì. Bí kò bá ju ìwọ̀n tí wọ́n ti fẹnu kò sí tẹ́lẹ̀, wọ́n á gbà pé ọ̀kan ni wọ́n.

Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o! Ká ní ìka mẹ́ta ni ìyàtọ̀ tí ẹ lè gbójú fò. Aládùúgbò yín wó odi, ó tún un mọ, ó fi ìka mẹ́ta sún un. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Odi tuntun ń bá odi àná mu nígbà gbogbo, síbẹ̀ ilẹ̀ yín ń lọ. Odi kejì bá ti àkọ́kọ́ mu, ẹ̀kẹta bá èkejì mu, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta kò bá àkọ́kọ́ mu mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwòrán ṣe ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ètò kọ̀ǹpútà tó bá ń fi àmì tuntun wé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá.

Lójú tèmi, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ ká béèrè ká tó sọ pé àmì méjì jẹ́ ọ̀kan. Níbo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á? Ìyàtọ̀ wo la fẹnu kò sí? Ṣé òpó àkọ́kọ́ la fi ń wé e, àbí odi àná? Ẹni tó bá ń ra ilẹ̀, kó bi awọnlẹ̀ rẹ̀ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó san kọ́bọ̀.